Kọ́ìlì Tí A Fi Ìda Oyin Dì

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kejì 2025

Téèpù tí Benjamin fi ránṣẹ́ dé lónìí. Láti ìgbà Kérésì ni wọ́n ti dá a dúró ní Àbújá, nítorí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú rí i tó ń dán, ó rò pé góòlù ni. Mo kọ̀wé, mo tún kọ̀wé, títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn.

Bíọ́lá, tó ń bójú tó yàrá ìwádìí wa, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó tú u. A dúró tì í bí ẹni tó wá kí ìyá ọmọ tuntun. Ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, kò sì fẹ̀ tó ọmọńdinrín mi. Ohun tó ń gbé iná nínú rẹ̀ dà bí amọ̀ tí a sun. Bí o bá ká a kọjá bó ṣe yẹ, ó tán nìyẹn.

Èmi àti Benjamin la jọ ka físíìsì ní Ìlọrin. Òun kọjá sí òkè òkun, èmi padà wálé wá kọ́ni ní Kàbà. Ó ní lẹ́yìn Àjíǹde ni àwọn ọ̀gá òun yóò pinnu ohun tí wọn yóò fi di kọ́ìlì, ìyẹn téèpù tí a wé roboto, ti mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n ń ṣe. Gúlúù ni gbogbo wọn ń sọ. Èmi nìkan ló ní kí wọ́n fi ìda oyin gbìyànjú. Téèpù tó tó kọ́ìlì méjì ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú díẹ̀ lé. Bí mo bá bà á jẹ́, kò sí òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kejì

Dókítà Ayọ̀wálé, olórí ẹ̀ka wa, ránṣẹ́ pè mí. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá lóṣù Kẹrin, ó fẹ́ kí yàrá ìwádìí mọ́ tónítóní. Ó ní kí ni gbogbo òkìtì wáyà tó wà lórí tábìlì yẹn.

Mo ṣàlàyé. Mo ní ohun tó wà nínú oòrùn ló ń yọ́ pọ̀ mọ́ra tí oòrùn fi ń ràn, pé àwọn èèyàn fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nínú ilé kí wọ́n máa fi mú iná mànàmáná jáde. Kò sí ìkòkò tó lè gba ohun tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ni yóò máa gbé e dúró kó má baà kan ògiri. Mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ wáyà tí iná ń gbà kọjá láì gbóná rárá. Téèpù wa nìyẹn, ṣùgbọ́n àfi bó bá tutù ju yìnyín lọ jìnnà ló tó lè ṣe é.

Ó gbọ́ tán, ó ní, “Ní Kàbà yìí? Tí a kì í rí iná fi lọ aṣọ?”

Mo ní ní Kàbà yìí náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n rí i pé mo kó gbogbo rẹ̀ kúrò kí àwọn àlejò òun tó dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí Ayewa lọ bá Cecilia, obìnrin Bùnù tó ń sin oyin. Eruku ojú ọ̀nà yẹn ti wọ inú eyín mi. Ó kí mi, “Okun o, okun ọ̀nà,” ó sì gbé omi wá. Iná tí àwọn ọdẹ fi sígbó ti jó díẹ̀ nínú ilé oyin rẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn, ìda tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò pọ̀. Ó bi mí bóyá àbẹ́là ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní wáyà ni mo fẹ́ fi dì, fún àwọn ará òkè òkun.

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ṣé àwọn ò ní oyin níbẹ̀ ni?”

Mo san owó ìda, mo gbà á. Ìda wà lọ́dọ̀ wọn kún fọ́fọ́. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó gbà pé ó wúlò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ooru. Kò sí ewé tó mì láti àárọ̀.

A wé kọ́ìlì àkọ́kọ́, ti gúlúù. Ọwọ́ la fi wé e, èmi ń yí, Bíọ́lá ń fa téèpù kó má baà dẹ̀. Ó ń gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, kò sì ráhùn rárá. A da gúlúù sí i, a gbé e sínú ààrò oníná wa. Irú gúlúù yìí ń fẹ́ kí ooru wà lára rẹ̀ láì yẹ̀ fún wákàtí pípẹ́ kó tó le dáadáa. Kò tíì dé ìdajì tí iná fi lọ.

A dúró. Iná ò dé. Jẹnẹrétọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ò ní epo, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sí òkú ní Ìyàrà. Mo jókòó sórí àpótí, inú ń bí mi. Bíọ́lá ló ní àwọn alábúrẹ́dì tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀gìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó búrẹ́dì jáde, pé ààrò wọn á ṣì gbóná. A fi aṣọ wé kọ́ìlì, a gbé e lọ. Mo ti ohun tí a fi ń wọn ooru bọ ibẹ̀, mo ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. A ń ṣí ilẹ̀kùn ààrò, a ń tì í. Ó le. Ó le dáadáa, kò sí ibi tó rọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ti gúlúù tí mò ń bá jà ni mo fi ìṣọ́ra tó báyìí tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí n ò bá ṣe é dáadáa, ta ni yóò gbà mí gbọ́?

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Ti ìda. Gbàrà tí ó yọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń ta pútúpútú. Oyin àti omi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti dà á sórí kọ́ìlì kí n tó rí i. Nígbà tó tutù, ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí inú àkàrà. Bí omi inú ihò yẹn bá di yìnyín, yóò fọ́ téèpù náà pátápátá.

Èmi ló ṣe é. Bíọ́lá ti béèrè ṣáájú bóyá ká kọ́kọ́ sè é kí a sì sẹ́ ẹ, mo ní kò sí àkókò.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Ìda ní oore kan tí gúlúù ò ní: o lè yọ́ ọ kúrò kí o tún un ṣe. Gúlúù kì í gba àtúnṣe. A gbé kọ́ìlì sínú ooru, ìda náà ṣàn kúrò, téèpù kò ní àpá kankan. A se ìda yòókù pẹ̀lú omi, a sẹ́ ẹ, a tún un sè, a jẹ́ kó dì, a họ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù. Ní ìgbà kẹta, ó mọ́ bí òrí. A tún un dà. Kò ta, kò hó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Mi ò fẹ́ kọ èyí.

Ìlọrin nìkan ni mo ti rí ẹni tó lè ta náítírójìn olómi fún mi, èyí tí a máa fi mú kọ́ìlì tutù. Ilé iṣẹ́ kan ń lò ó láti tọ́jú àtọ̀ akọ màlúù. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń wá awakọ̀ tí yóò gbé e wá. Kò sí. Àsìkò kajú nìyí, owó kajú lọ sókè, gbogbo ọkọ̀ tó ní táyà ló ń kó kajú. Níkẹyìn mo rí ọ̀kan. Mo bá a sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ: kí fúláàsìkì náà wà lóòró, kí ó má dúró níbì kankan, kí ó ṣí fèrèsé.

Ó dúró ní Ẹ̀gbẹ̀, ó kó kajú. Ó dúró ní Ìsánlú, ó tún kó. Ó wá ti fúláàsìkì mi dùbúlẹ̀ lábẹ́ àpò kí àyè lè gbà á. Nígbà tó dé Kàbà lọ́jọ́ kejì, mo ṣí i, kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ tutù mọ́.

Ó ní, “Mà, n ò da omi kankan sílẹ̀ o. Ẹ wo inú ọkọ̀, ó gbẹ.”

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo náítírójìn náà ti di afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà. Mo wọlé, mo jókòó sínú yàrá, n ò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Iná dé lẹ́ẹ̀kan, ó sì dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ fi máa ti iná sínú kọ́ìlì rú èéfín, ó dákẹ́. Bíọ́lá tú u, ó fi inú rẹ̀ tó ti dúdú hàn mí, ó tún un dé.

A ronú títí. Bátìrì ọkọ̀ ni. Bátìrì tí a so pọ̀, pẹ̀lú wáyà irin tí a rì sínú garawa omi láti máa dín iná kù. Bíọ́lá yá méjì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ku ọ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

Ìjà ńlá nílé.

Lọ́kọ́jà ni Emmanuel, ọkọ mi, ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Lánàá, nígbà tó ń wẹ̀, mo yọ bátìrì ọkọ̀ rẹ̀. Mo rò pé n óò dá a padà kó tó jáde, pé ìdánwò kékeré ni. Garawa náà ṣiṣẹ́, inú wa dùn, a ń sún wáyà irin síwá sẹ́yìn láti wo bí iná ṣe ń lọ sókè sódò, mo sì gbàgbé àsìkò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sin bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Mopa. Nígbà tó máa fi rí ọkọ̀ èrò wọ̀, wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ bo pósí, òun ló sì yẹ kó ka ìwé mímọ́ níbi isà.

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní, “Ìyá Virtue, tí o bá bi mí, n óò gbé e fún ọ. O ò bi mí.”

Mo ní mo mọ̀ pé á ní rárá. Ó ní ohun tó dun òun jù nìyẹn.

Ó ti padà sí Lọ́kọ́jà láì jẹ iyán tí mo gún.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ kejì Ìtúnu ààwẹ̀. Bíọ́lá gbé ẹran wá, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, n ò tíì rí i láì sí àbàwọ́n lára rẹ̀ rí.

Benjamin pè. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń béèrè pé iṣẹ́ Kàbà dà. Mo sọ ti kajú, mo sọ ti bátìrì. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ní, “Naomi, mo mọ ilé. Àwọn ò mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́.” Ó ní ẹ̀rù ìda ń bà wọ́n, pé mágínẹ́ẹ̀tì ńlá máa ń ti wáyà ara rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lè fa irin ya, ìda ò sì le. Mo ní mo ti kọ ọ́ fún wọn: irin ni kó wà lóde láti dì í mú, iṣẹ́ ìda ò ní ju kó dí àyè inú lọ. Tó bá tutù, gúlúù á súnkì ju téèpù lọ, á sì máa fà á bí ẹni ń bó èèpo ìbẹ́pẹ. Ìda ò lágbára tó láti fa ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sán, téèpù á sì wà níbẹ̀ láìfarapa.

Ó ní òun gbà. Òun kọ́ ló ń fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Emmanuel ò wálé lánàá. Mo rò pé ìbínú ni, n ò pè é.

Lọ́sàn-án yìí, ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo fèrèsé rẹ̀ ló ṣí, eruku ti sọ irun rẹ̀ di ti àgbàlagbà. Lórí àga ẹ̀yìn, ó fi ìgbànú ọkọ̀ àti ìrọ̀rí méjì de fúláàsìkì náítírójìn kan lóòró. Ó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sí Ìlọrin, ó sì wakọ̀ bọ̀ bí ẹni tó gbé aboyún, ó kọjá Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú láì dúró ra omi mu.

Mo ní kó bọ́ sílẹ̀ wá jẹun. Ó ní kí n kọ́kọ́ lo nǹkan mi kó tó di afẹ́fẹ́.

A ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, nítorí èéfín náítírójìn lè gba èémí lẹ́nu èèyàn nínú yàrá tí a tì. A rì kọ́ìlì gúlúù sí i. Ó hó, ó rú èéfín funfun bo tábìlì, ó dákẹ́. A ti iná sí i díẹ̀díẹ̀. Míta tó ń fi ìdíwọ́ iná hàn wà lórí òdo. A fi kún un. Òdo. Iná tó lè yọ́ wáyà lásán ń kọjá nínú ohun tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, kò sì sí ìdíwọ́ kankan. Emmanuel béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tí a ń wá nìyẹn.

A ṣe ti ìda. Òun náà dúró lórí òdo. Ṣùgbọ́n ti gúlúù gba iná tó fi díẹ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ kí míta tó mì. Mo tún un wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Gbogbo ariwo mi láti ọjọ́ yìí wá, gúlúù ló borí.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

N ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi mọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì irú èyí yóò tutù, yóò sì tún padà sí ooru ilé, léraléra. A ń gbé àwọn méjèèjì jáde sínú ooru, a tún ń rì wọ́n.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ti gúlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn míta kó tó yẹ. Lẹ́yìn ìgbà méjì sí i, ó burú. Nígbà tó yá, iná kékeré ò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ó ti kú. Ti ìda ṣì wà níbi tó wà lánàá.

Bíọ́lá ló gbé kọ́ìlì gúlúù sókè, ó ní, “Dókítà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.” Téèpù ti la sí méjì níbẹ̀, ó ṣí bí ojú ìwé.

Òjò àkọ́kọ́ ṣú. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí yàrá wa, a sáré dé fúláàsìkì.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin

A tún rì ti ìda, míta fò sókè lójijì. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ bíi ti gúlúù. Ó fò ni.

Mo jáde, mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò, máńgòrò já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi ẹsẹ̀ gbá a.

Nígbà tí mo padà, Bíọ́lá ti ń fi míta wọ̀n ọ́n láti ibì kan dé ibì kejì. Inú kọ́ìlì wà lórí òdo. Ibi tí wáyà kópà ti so mọ́ téèpù, níbi tí iná ń gbà wọlé, ni àléébù wà, níbi tí mo fi òjé jó. Èmi ni mo jó o, kò wọlé dáadáa. A tún un jó, díẹ̀ nínú ìda yọ́, a tún un dí. A rì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó padà síbi tó wà.

Mo sọ fún Benjamin lórí fóònù. Ó ní kí n má wulẹ̀ kọ ti ojú òjé sínú ìròyìn, nítorí kò kan ìda, yóò sì kàn fún àwọn ọ̀gá ní ohun tí wọn yóò dì mú. Mo ní n óò kọ ọ́. Ó ní, “Wọ́n á lò ó láti fi pa ọ̀rọ̀ rẹ.” Mo ní kí wọ́n lò ó. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn tí mo bá fi í pa mọ́, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́, wọn ò sì ní jẹ̀bi.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹrin

Àwọn aláyẹ̀wò dé. A kó bátìrì, garawa, fúláàsìkì, gbogbo rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, a fi tapólì bò ó. Ọ̀kan nínú wọn ṣí tapólì, ó béèrè ohun tó jẹ́. Kí n tó lanu, Dókítà Ayọ̀wálé ti bẹ̀rẹ̀ láti orí oòrùn, ó sọ ọ́ délẹ̀, kò sí ohun tí ó fò, ó sì parí rẹ̀ pé, “Ní Kàbà yìí náà ni.” Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ka òun ló ń ṣe é.

Bíọ́lá wò mí. Mo wo ibòmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹrin

Ìròyìn lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ láti àárọ̀, àfi ìgbà tí mo gun orí òkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí àpáta. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ti gúlúù tó kọ́kọ́ borí, ti ojú òjé, ti ìda tó kọ́kọ́ hó. Kò sí ohun tí mo yọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹrin

Èsì dé. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ náà mọ́, ó sì wúlò. Wọ́n ti fọwọ́ sí gúlúù ṣáájú Àjíǹde, ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń gbé garawa kiri. Wọn ò tíì ka ìròyìn mi tán. Mo rí i nínú ohun tí wọ́n kọ: wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo ti kọ sí ojú ìwé kejì.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin

Emmanuel pè láti Lọ́kọ́jà. Mo ní kó má pẹ̀tù sí mi nínú. Kò pẹ̀tù. Ó ní, “Ohun tí o rí, ṣé o rí i àbí o ò rí i?”

Mo ní mo rí i.

Ó ní ó dáa. Ó bi mí bóyá Virtue ọmọ wa ti san owó ìdánwò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún

Òjò, ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òjò. Ìdajì wọn kọ ọ́ pé yìnyín ni ohun tó tutù jù láyé. Àwọn tí mo kọ́ fúnra mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Benjamin pè nígbà tí mò ń bó iṣu. Mo mọ̀ nínú ohùn rẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti parí kọ́ìlì ńlá àkọ́kọ́ wọn, ti gúlúù, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ iṣẹ́, téèpù tó lè yí Kàbà ká. Wọ́n mú un tutù lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jẹ́ kó padà sí ooru, wọ́n tún un mú tutù. Ó la ní ẹ̀gbẹ́. Ó ní òun dúró síbẹ̀, òun rí i, ó ṣí bí ojú ìwé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú bí mi. Mo ronú nípa téèpù yẹn, gbogbo rẹ̀, tó wà nílẹ̀ bí èèpo, nígbà tí èmi ń ṣọ́ ìwọ̀nba tí wọ́n fún mi bí ẹyin.

Ọ̀gá rẹ̀ gba fóònù. Ọkùnrin náà ní òun ti ka ìròyìn mi tán báyìí. Ó ní ibi tí mo kọ nípa àṣìṣe ojú òjé mi ló mú kí òun gba ìyókù gbọ́. Ó ní kí n wá sọ́dọ̀ àwọn, kí n wá dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ òun, kí n fi hàn wọ́n bí a ṣe ń se ìda àti bí a ṣe ń dà á.

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n ò ní wá fi hàn. Mo ní, “Ẹ fi téèpù ránṣẹ́, tó tó kọ́ìlì gidi. Àwa ni a óò wé e, níbí. Tí ẹ bá sì tẹ iṣẹ́ náà jáde, orúkọ méjì ni yóò wà lórí rẹ̀ láti Kàbà. Tèmi, àti ti Bíọ́lá.”

Mo gbọ́ tí Benjamin ń sọ nǹkan fún un lẹ́yìn. Ọ̀gá náà ní òun gbà.

Mo padà sídìí iṣu mi. Mo bó ẹran iṣu mọ́ èèpo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Téèpù dé lánàá, nínú àpótí onígi. Ẹni tó wà ní Àbújá tún rò pé góòlù ni.

A bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Èmi ń yí, Bíọ́lá ń fà á. Emmanuel jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ìwé ìròyìn àná. Nígbà tí a wé e dé ìdajì, iná lọ. Bíọ́lá ò gbé ojú sókè. Èmi náà ò gbé ojú sókè.